Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀: Ẹṣin Tí Kò Fẹ́ Yí Sí Ọ̀tún, àti Ìjókòó Ẹni Tí Ń Gùn Ún

Dúdúyẹmí ni orúkọ ẹṣin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Akọ ẹṣin tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Òkè Ọya ni wọ́n sì ti rà á, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ayé ìjọba Ọ̀yọ́ títí di òní. Ilé ẹṣin kan ní ọ̀nà Àlàbàtà, ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta, ni ó ń gbé. Bàbá ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń gùn ún, tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ó kọ́kọ́ rà á nítorí Ojúde Ọba tí wọ́n máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà pinnu láti fi ẹṣin yìí wọ ìdíje dressage ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìdíje náà kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ mọ́ nígbà tí ó pè mí pé kí n wá kọ́ àwọn méjèèjì.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì rí i rí, dressage kì í ṣe eré àsápajúdé, kì í sì í ṣe fífò lórí igi. Ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo ni ó máa ń wà nínú pápá lẹ́ẹ̀kan. Ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, pápá náà fẹ̀ ní mítà 20, ó sì gùn ní mítà 40. Ní ìpele òkè, gígùn rẹ̀ máa ń di mítà 60. A ó to lẹ́tà A, K, E, H, C, M, B àti F yí etí pápá kékeré náà ká, X sì ni àárín gbùngbùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í gbé àmì kankan síbẹ̀. Ẹlẹ́ṣin á gba A wọlé, adájọ́ á jókòó sí ẹ̀yìn C ní òdìkejì, á sì máa fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ní máàkì láti 0 dé 10. Máàkì 5 fi hàn pé ó mọ níwọ̀n, 6 pé ó tẹ́ni lọ́rùn, 8 pé ó dára. Ohun tí adájọ́ ń wá ni pé kí ìlù ẹsẹ̀ ẹṣin má yẹ̀, kí ara rẹ̀ rọ̀, kí ó tọ́, kí ó sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gùn ún láìsí ìjàkadì kankan tí ojú lè rí.

Ẹ̀sùn tí ọ̀dọ́bìnrin náà fi kan ẹṣin rẹ̀ kò gùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin yìí kórìíra ọwọ́ ọ̀tún. Bí mo bá ní kí ó yípo sí òsì, kò sí wàhálà. Bí a bá yí sí ọ̀tún báyìí, á kàn máa sún lọ síta ni, bí mo bá sì ṣe ń fà á tó ni á ṣe máa sún tó.” Bàbá tí ó ń tọ́jú ẹṣin náà, ọmọ Hausa tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, gbà pé agídí ni. Ẹlòmíràn ní ilé ẹṣin ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi kẹ́sẹ́ gún un dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ó sì mú ìjánu tí ó le ju èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ.

Mo ní kí a má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ní kí ó gùn ún níwájú mi ní tírọ́ọ̀tì, eré wẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹṣin máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì-méjì lórí ilẹ̀, nínú òbìríkítí mítà 20 ní apá méjèèjì, mo sì dúró sí ẹ̀yìn wọn, níbi tí mo ti lè rí ìbàdí àwọn méjèèjì. Ní òsì, òbìríkítí náà ṣe é wò. Ní ọ̀tún, ó di bí ẹyin. Ọrùn ẹṣin náà tẹ̀ sí ọ̀tún ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé okùn ìjánu ọ̀tún ni a ń fà. Ṣùgbọ́n èjìká òsì rẹ̀ ni ó ń kó gbogbo ara lọ síta. Ohun tí ó fà mí lójú jù ni gàárì: ó ti fi bí ìka kan yẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí òsì. Ìbàdí ọ̀dọ́bìnrin náà tẹ̀ lé gàárì lọ sí òsì, ìhà ọ̀tún rẹ̀ sì wọlé bí ẹni tí ń tẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀. Láti inú ìjókòó yẹn ni ó ti ń sọ fún ẹṣin pé kí ó lọ sí ọ̀tún.

Obìnrin tí ó ru agbọ̀n láti Adátán lọ sí ọjà Kútọ̀ mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹrù orí bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ọrùn kò ní sinmi, ẹsẹ̀ á sì máa tọ ẹrù lẹ́yìn kí ó má baà ṣubú. Ohun tí ẹṣin yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹrù rẹ̀ wà ní òsì, nítorí náà ó ń rìn wọ abẹ́ ẹrù rẹ̀ lọ sí òsì. Kò kórìíra ọ̀tún rárá.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìjókòó ṣe lórí ẹṣin tí nǹkan ń dùn. Èyí ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí: bí ẹṣin bá kọ ohun kan, ìrora ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó sọ pé ìwà ni. A ní oore-ọ̀fẹ́ ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà ní Àlàbàtà, kò sì jìnnà sí ilé ẹṣin náà. Dókítà ẹran tí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá àrùn tí eṣinṣin tsetse máa ń kó ran ẹran, nítorí pé àrùn náà máa ń sọ ẹṣin di ọ̀lẹ lójú ẹni tí kò mọ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó tẹ iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí. Ní abẹ́ ibi tí gàárì máa ń wà ní òsì, ẹṣin náà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yí etí padà. Ní ọ̀tún, kò mira. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu rẹ̀. Eyín òkè ẹṣin máa ń yọ ṣóńṣó ní apá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti ìsàlẹ̀ máa ń yọ ọ́ ní apá ahọ́n, nítorí pé eyín wọn kò dẹ́kun yíyọ bí wọ́n ti ń lọ koríko. Ti Dúdúyẹmí ti mú débi pé ó ti ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní inú. Dókítà fi ayùn ẹnu rẹ́ ẹ, ó sì ní kí a má fi ìjánu sí i lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ń san ni a yẹ gàárì wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gbogbo ti yé wa. Mo tú awọ tí irin ìtẹsẹ̀ so mọ́ kúrò ní apá méjèèjì, mo sì nà wọ́n sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ihò kan náà ni a so wọ́n sí, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní òsì gùn ju ìkejì lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ nínú rẹ̀. Apá òsì ni gbogbo wa ti ń gun ẹṣin; bí ẹni bá ti ilẹ̀ gùn ún, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ni á kọ́kọ́ fi kọ́ awọ òsì, awọ á sì máa nà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó kíyè sí i. Fífà kan náà yìí ni ó ń fa gàárì wá sí òsì, tí ó sì ti tẹ òwú inú tìmùtìmù rẹ̀ pa ní apá ibẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ọ̀dọ́bìnrin náà ń wá irin, ìbàdí rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀, gàárì tí ó ti rì ní òsì ń gbà á, iṣan ẹ̀yìn ẹṣin ń sanwó rẹ̀.

Oníṣẹ́ awọ kan ní Sábó tú tìmùtìmù gàárì náà, ó gbọn òwú inú rẹ̀, ó sì dá a padà ní ìwọ̀n kan náà ní apá méjèèjì. A ra awọ tuntun fún irin ìtẹsẹ̀. A tún fi òfin méjì lélẹ̀ ní ilé ẹṣin: kí a máa pààrọ̀ awọ òsì sí ọ̀tún lóòrèkóòrè, kí ẹnikẹ́ni má sì gun ẹṣin láti ilẹ̀ mọ́, àfi lórí àpótí. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ilé kan ni a fi ṣe àpótí náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni a tó kan ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ tún gàárì ṣe, ara tí ó ti mọ́ ìjókòó òsì kò ní kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jókòó sí àárín, á dà bíi pé ó ń ṣubú sí ọ̀tún. Mo so okùn gígùn mọ́ ẹṣin, mo dúró sí àárín òbìríkítí, mo gba okùn ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yọ irin ìtẹsẹ̀ kúrò. Kí ó má ní nǹkan kan tí yóò dì mú, kí ó sì má ní ohun tí yóò rò ju ara rẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan di iwájú gàárì mú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ó ń yí apá òkè ara rẹ̀ sí inú òbìríkítí àti síta, ìbàdí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Mo ní kí ó máa kà fún mi egungun ìjókòó tí ó wúwo jù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òsì nìkan ni ó ń kà. A kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé òbìríkítí máa ń ni oríkèé ẹsẹ̀ ẹṣin lára, nítorí náà a sì máa ń pín àkókò náà dọ́gba sí apá méjèèjì.

Ohun tí a ń wá ni ìlà tí gbogbo olùkọ́ ẹṣin máa ń wò láti ẹ̀gbẹ́: etí, èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀ lórí ìlà kan, kí ó sì jẹ́ pé láti ìgúnpá gba ọwọ́ dé irin ẹnu ẹṣin, ìlà mìíràn tí kò ṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin náà máa ń wà níwájú, ó ń fi orúnkún di gàárì mú, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ nípa Lis Hartel, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, tí ó gba fàdákà nínú dressage ní Olympics ìlú Helsinki ní 1952, ọdún tí a kọ́kọ́ gba obìnrin láyè nínú eré náà. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti rọ ọ́ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní láti ràn án lọ́wọ́ gun ẹṣin, wọ́n sì ní láti ràn án lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú ìjókòó àti ìwúwo ara nìkan fi hàn pé tipátipá ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹṣin ń gbọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà dákẹ́ nígbà tí mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Àṣìṣe kan tún wà tí kò hàn sí i. Nínú tírọ́ọ̀tì, tí ẹlẹ́ṣin bá ń dìde tí ó sì ń jókòó, ó yẹ kí ó máa jókòó ní àkókò tí ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀gbẹ́ ìta bá kan ilẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti yí apá padà. Òun kì í pààrọ̀. Ìjókòó tí ó yẹ fún yíyí sí òsì ni ó ń lò sí apá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ méjì kan náà ni ó ń di ẹrù rẹ̀ rù lójoojúmọ́. Fífi ojú wo èjìká ìta kí ó tó dìde ni ó tún un ṣe, kò sì pẹ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìjánu, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ ẹṣin yìí wà. A ti kọ́ ọ fún Ojúde Ọba, ìyẹn ni pé kí ó gbé orí sókè, kí ó máa jó, kí ó sì máa gbé ẹsẹ̀ iwájú bí ìlù bá dún. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn ìdílé Balógun tí wọ́n ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ìjánu tí a fi kọ́ ti Dúdúyẹmí máa ń tẹ àjà ẹnu rẹ̀. Orí rẹ̀ á sá sókè nítorí ìrora, ẹ̀yìn rẹ̀ á rì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa tọ̀ọ́ lẹ́yìn láìgbé nǹkan kan. Ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ dressage, ìjánu rírọ̀ tí ó ní oríkèé ní àárín ni òfin fi àyè gbà. Mo ní kí òun ni ó máa lò láti ìsinsìnyí lọ, kí ó sì jẹ́ pé bí ọdún Ojúde Ọba bá dé, ohun ọ̀ṣọ́ nìkan ni a ó yí padà. Bàbá ọ̀dọ́bìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ẹṣin kò ní ní iyì bí kò bá gbé orí. A mú un wá sí pápá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí bí ẹṣin ṣe ń gbé ẹ̀yìn sókè tí ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ó sì gbà.

Ẹ̀kọ́ ẹṣin fúnra rẹ̀ kò le mọ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Ìpààrọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: láti ìrìn sí tírọ́ọ̀tì, láti tírọ́ọ̀tì padà sí ìrìn, léraléra, kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Kí ó tó yí, ẹlẹ́ṣin á mí sínú, á mú ẹ̀yìn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á di okùn ìta mú, á sì tú u sílẹ̀. Ẹṣin á kó ara rẹ̀ jọ. Ní òbìríkítí ọ̀tún, a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mítà 20, a máa sún un wọlé dé mítà 15, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ inú á tì í padà síta díẹ̀díẹ̀. Okùn òsì àti ẹsẹ̀ òsì ni ó ń di èjìká náà mú kí ó má sá lọ. Okùn ọ̀tún, tí òun ti ń fà tẹ́lẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó fi ojú ọ̀nà hàn lọ. Ó pẹ́ kí ọ̀dọ́bìnrin náà tó gbà pé òsì ni a fi ń yí ẹṣin sí ọ̀tún. Ọjọ́ tí ó jù okùn ọ̀tún sílẹ̀ pátápátá fún ìgbésẹ̀ mẹ́rin, tí ẹṣin sì ń bá òbìríkítí lọ bí ẹni pé a fi nǹkan yà á sílẹ̀, ó pariwo, “Ẹ̀gbọ́n, ó ń lọ fúnra rẹ̀!” A tún ń to igi sílẹ̀ kí ó máa gbé ẹsẹ̀ lé e, pẹ̀lú àlàfo bíi mítà 1.2 nítorí pé ẹṣin náà kò ga. Ọparun ni a kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n ó máa ń yí lábẹ́ pátákò. Igi tí a là láti ilé ìlagi dára jù.

Ilẹ̀ tún fún wa níṣẹ́. Ilẹ̀ pupa Abẹ́òkúta máa ń le bí òkúta ní ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kan ṣoṣo a sì máa sọ ọ́ di ilẹ̀ yíyọ̀. A da yanrìn odò Ògùn lé pápá náà, a sì fi ẹ̀ka igi fà á kí ó tẹ́jú. Nítorí ooru, kí oòrùn tó gbóná ni a máa ń parí iṣẹ́. Bàbá tí ó ń tọ́jú ẹṣin ni mo kọ́ láti máa ka ìlù ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́: ní ìsinmi, ti ẹṣin tí ó dàgbà máa ń wà láàárín 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá padà sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti da omi sí i lára tí a sì ti mú un rìn, iṣẹ́ ọjọ́ kejì á dínkù. Ó mọ ẹṣin yìí ju gbogbo wa lọ, òun ni ó sì kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀yìn òsì kò dùn ún mọ́, kí dókítà tó padà wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn nìkan ni a fi ìdánwò náà kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò sì jẹ́ kí ẹṣin ṣe é tán nígbà púpọ̀, nítorí pé ẹṣin máa ń há ìdánwò sórí, á sì máa ṣáájú ẹlẹ́ṣin. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń rìn ín fúnra rẹ̀ ní palọ̀. Apá tí mo ní kí wọ́n tún kọ́ jù ni ìrìn lórí okùn ìjánu gígùn, níbi tí a ti ń jẹ́ kí ẹṣin na ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò ìpele yìí, ìlọ́po méjì ni máàkì rẹ̀, ẹṣin tí ẹ̀yìn ń dùn kò sì lè ṣe é.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Èkó, kí a má baà bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo Ọ̀tà pàdé. Kò borí, kì í sì í ṣe nítorí ìyẹn ni a ṣe lọ. Òbìríkítí ọ̀tún gba 6.5, ti òsì gba 6.5, ìrìn lórí okùn gígùn gba 7. Adájọ́ kọ ọ́ sí ìwé pé ẹlẹ́ṣin jókòó ní àárín, ọwọ́ rẹ̀ sì dákẹ́. Dídúró ní X gba 5 lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Kántà ọ̀tún, eré tí ó yá ju tírọ́ọ̀tì lọ, náà gba 5. Ẹsẹ̀ tí kò yẹ ni ó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó tún un ṣe.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì yìí ni iṣẹ́ tí ó kàn. Dókítà ti tẹ oríkèé rẹ̀ wò, kò rí wíwú tàbí ooru níbẹ̀. Èrò mi ni pé iṣan apá náà kò tíì lágbára lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ tí ó fi ń sá fún ẹrù. A ó máa mú un gun òkè kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé ẹṣin ní ìrìn, a ó máa kọ́ ọ ní dídúró láti inú ìrìn nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, a kò sì ní béèrè kántà ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí dídúró náà yóò fi tọ́.